Ata tí Wọ́n Fi sí Ẹnu Ráfátù

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo lọ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi ní ilé oògùn kan ní Sùúrùlérè. Obìnrin kan dúró níwájú mi, ó di ọwọ́ ọmọkùnrin rẹ̀ kékeré mú. Igun ẹnu ọmọ náà ti ya ní ọ̀tún àti òsì, ó pọ́n, ó sì ti ní èépá díẹ̀. Bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ fi ahọ́n lá a. Ìyá àgbà kan jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó ń dúró de oògùn tirẹ̀. Ó wo ọmọ náà títí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí ìyá ọmọ náà yáa máa ṣọ́ ìkòkò ọbẹ̀ ẹ̀, nítorí pé irú ẹnu báyìí, ẹnu ajẹran ìkòkò ni. Gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà tẹ orí ba.

Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í pariwo. Lọ́jọ́ náà, mo pariwo. Mo bi ìyá àgbà yẹn bóyá òun ló bá ọmọ náà nídìí ìkòkò. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí arúgbó bí èmi sọ sí arúgbó ẹgbẹ́ mi. Ọmọbìnrin tó ń ta oògùn jáde wá, ó pẹ̀tù sí mi nínú, ó kúnlẹ̀ níwájú ọmọ náà, ó wo ẹnu ẹ̀ àti ahọ́n ẹ̀, ó sì bi ìyá ẹ̀ ní ohun tí ọmọ náà ń jẹ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Mo gbọ́ ìbéèrè yẹn, omi bọ́ lójú mi. Mo gba oògùn mi, mo jáde, mo lọ jókòó sábẹ́ agboòrùn ẹni tó ń ta ọsàn. Kì í ṣe ìyá àgbà yẹn ni mo ń bá jà. Ilé kan ní Múṣin ni mo ń bá jà, ilé tí wọ́n ti wó láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé náà ṣe rí fún yín, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé inú fúláàtì tí ẹ kò mọ orúkọ ẹni tó ń gbé òkè yín. Ilé onípáànù gígùn kan ni, yàrá mẹ́fà lọ́tùn-ún, mẹ́fà lósì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ṣókùnkùn wà láàárín wọn, ó sì já sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo àti ilé ìdáná gbogbo wa wà. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ níbẹ̀, ará Ọ̀yọ́ náà wà. Ọmọ Ọ̀yọ́ tí wọ́n bí sí Èkó ni èmi fúnra mi. Láàárọ̀, pákò ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́. Gbogbo àgbà inú ilé á jókòó sórí àpótí wọn, wọ́n á máa run ún jẹ́jẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀ gidi kan títí wọ́n á fi tu èérún ẹ̀ dànù. Àwa ọmọdé máa ń fi itọ́ pákò ṣe ìdíje, ta ni itọ́ ẹ̀ máa dé ẹsẹ̀ ògiri. Èmi ni mo máa ń gbẹ̀yìn.

Dókítà ni gbogbo ènìyàn nínú ilé yẹn. Bí ojú ọmọ bá pọ́n, tí ìpin sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀ láàárọ̀, ìyá ọlọ́mọ tuntun á wá fún ọmú sí i, ẹlòmíràn á ní omi ṣúgà ló dára jù, ẹlòmíràn á ní kí ọmọ náà fi ìtọ̀ ara ẹ̀ bọ́jú. Wọ́n ṣe ti ìtọ̀ yẹn fún èmi náà lẹ́ẹ̀kan, ojú mi sì wú bí àgbálùmọ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Bí èfu, ohun funfun tó máa ń bo ahọ́n, bá mú ọmọ jòjòló lẹ́nu, wọ́n á fi aṣọ gbígbẹ ha á kúrò lórí ahọ́n títí ẹ̀jẹ̀ á fi yọ. Ìyẹn gan-an kọ́ ló ń bí mi nínú. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n ń ṣe. Èyí tó ń bí mi nínú ni pé wọn kì í wo àìsàn ọmọdé bí àìsàn. Bí oówo bá yọ sí ìpéǹpéjú rẹ, o ti yọjú wo ẹni tó ń wẹ̀. Bí ahọ́n rẹ bá bó, o ti bú àgbà. Bí igun ẹnu rẹ bá ya, o ti jí ẹran jẹ. Ara ọmọ ni ìwé tí wọ́n ń kà, àmọ́ ẹ̀ṣẹ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n kà níbẹ̀.

Yàrá tó kọjú sí tiwa ni Ìyá Múfú àti ọkọ ẹ̀ ń gbé. Múfú, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ti dàgbà, ó ti lọ ṣiṣẹ́ sí Kàdúná. Télọ̀ ni Bàbá Múfú. Iwájú ilé ló gbé máṣíìnì ẹ̀ sí, òun ló ń rán yunifọ́ọ̀mù gbogbo ọmọ àdúgbò. Ọkùnrin pẹ̀lẹ́ ni. Kì í fi ìrun ṣeré, kì í bá obìnrin jà, ó máa ń ṣa ègé aṣọ pamọ́ fún àwa ọmọbìnrin ká fi ran aṣọ fún ọmọ-láńgidi wa. Ìyàwó ẹ̀ ló ń pè mí. Ìyá Múfú ní tirẹ̀ le, ọwọ́ ẹ̀ sì mọ́. Ó ń sin adìyẹ mẹ́fà ní ẹ̀yìnkùlé, ó mọ iye ẹyin tí ìkọ̀ọ̀kan ń yé.

Nígbà ọyẹ́ kan, àbúrò Ìyá Múfú ọkùnrin tó ń dáko ní Ògbómọ̀ṣọ́ mú ọmọ ẹ̀ obìnrin wá kí ó lè máa lọ sí ilé ìwé ní Èkó. Ráfátù ni. A jọ tó ọdún mẹ́wàá. Ó gbé àpò kan dání, ó wọ bàtà tó tóbi jù ú lọ, ó ń sọ èdè ìlú ẹ̀ ketekete, àwa ọmọ Èkó sì fi í ṣẹ̀sín títí di ọjọ́ kẹta. Ní ọjọ́ kẹta, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní èjí. Ẹnu ẹ̀ máa ń là dé etí bó bá ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ọ̀hún á sì mú ẹni tó ń bínú pàápàá. Láti ọjọ́ yẹn, bẹ́ǹṣì kan náà la jọ ń jókòó sí ní kíláàsì, ẹní kan náà la jọ ń tẹ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́sàn-án.

Ẹ má rò pé ìkà ni Ìyá Múfú. Bí wọ́n ṣe tọ́ òun náà ló ń tọ́ ọmọ. Ẹ̀kọ ni wọ́n ń mu láàárọ̀, gàrí lọ́sàn-án, ẹ̀bà pẹ̀lú omi ọbẹ̀ lálẹ́. Ẹran tó wà nínú ọbẹ̀, ti Bàbá Múfú ni. Ẹyin adìyẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, títà ni wọ́n ń tà á, èyí tí wọn kò bá tà, Bàbá Múfú á fi jẹ iṣu lọ́jọ́ Jímọ̀. Ìyá Múfú máa ń sọ pé ọmọ tó bá fi ẹnu kan ẹyin, olè ló ń kọ́ yẹn. Bí adùn ẹ̀ bá ti mọ́ ọn lẹ́nu, kò sí ohun tí kò ní jí láti tún rí i jẹ. Gbogbo àgbà ilé ló gbà bẹ́ẹ̀, ìyá mi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó yọ èmi ni pé ìyá mi fẹ́ràn ẹ̀wà. Ọṣẹ àti kànìnkànìn ló ń tà ní ọjà Ojúwòyè, owó kì í pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ̀wà sì ń yó ni kíákíá. N kò mọ̀ nígbà náà pé ẹ̀wà yẹn ń ṣọ́ ẹnu mi.

Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, igun ẹnu Ráfátù bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Ó kọ́kọ́ dà bí ìgbà tí ọyẹ́ bá là á. Lẹ́yìn náà ó pọ́n, ó jinlẹ̀, bó bá la ẹnu jẹun, á ṣẹ̀jẹ̀. Ahọ́n ẹ̀ pọ́n rokoso, ó dán. Ojú ẹ̀ náà ń yún un, ó ń ṣomi, kò lè wo oòrùn, ilẹ̀ ló kù tó ń wò. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Bí ẹ̀rín bá fẹ́ gbà á, á fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu. Àwọn àgbà ilé wò ó, wọ́n wo ara wọn. Wọ́n ní ẹ ò rí i bí ojú ẹ̀ kì í ṣe é gbé sókè.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, akokoro dè mí mọ́lẹ̀. Eyín mi kan lẹ́yìn ti luhò, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi sì wú. Ìyá mi fi kànáfùrù sí ihò náà, ó ní kí n máa fi omi iyọ̀ lílọ́ wọ́ọ́rọ́ yọ ẹnu, ó lọ sí ọjà. Mo dùbúlẹ̀ sórí ẹní lábẹ́ fèrèsé tó kọjú sí ilé ìdáná. Ìyá Múfú ti pa adìyẹ kan lówùúrọ̀, nítorí pé àwọn ẹbí ọkọ ẹ̀ ń bọ̀ wá kí wọn lọ́jọ́ kejì. Ó ti sè é, ó ti dín in, ó dé e mọ́ inú ìkòkò, ó gbé òkúta lé ọmọrí ẹ̀, ó sì lọ sí àdúgbò Ọ̀tọ̀ lọ bá oníbàárà ẹyin ẹ̀ kan. Ráfátù wà ní ilé ìwé. Ilé dá wáí, ariwo máṣíìnì Bàbá Múfú nìkan ni mò ń gbọ́ láti iwájú ilé.

Máṣíìnì náà dákẹ́. Mo gbọ́ ìró sálúbàtà lọ́dẹ̀dẹ̀. Bàbá Múfú wọ ilé ìdáná, ó gbé òkúta kúrò, ó ṣí ìkòkò, ó sì dúró síbẹ̀ jẹun. Kò kánjú. Ó jẹ itan kan, ó jẹ ìkejì, ó mú iwe, ó jẹ ẹ́. Ó kó eegun sínú bébà, ó fi ọmọrí dé ìkòkò, ó gbé òkúta padà sórí ẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe wà. Nígbà tó yí padà láti fọ ọwọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ, ó rí ojú mi lójú fèrèsé.

Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní, "Ìyàwó mi, eyín ọ̀hún ńkọ́?"

Mo ní, "Ó ti ń fúyẹ́, sà."

Ó ní Ọlọ́run á wò ó sàn. Ó fọ ọwọ́, ó padà síwájú ilé. Máṣíìnì tún bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, n kò rí ohun burúkú kan nínú ẹ̀. Adìyẹ ilé ẹ̀ ni, ọkùnrin ló ni ẹran ọbẹ̀. Mo sùn lọ.

Ìyá Múfú dé nírọ̀lẹ́. Mo gbọ́ bó ṣe ṣí ìkòkò. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ráfátù ló pè. Ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ mú, ó yí ojú ẹ̀ sí àwọn obìnrin tó wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ní kí wọ́n wá fi ojú ara wọn rí i, kí wọ́n wá wo igun ẹnu olè. Ráfátù ní òun kò jẹ ẹ́. Wọ́n ní kí ó wo àwọn lójú bí kò bá jẹ ẹ́. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ wà níwájú ẹ̀. Kò lè gbé ojú sókè. Ìyẹn ló parí ẹjọ́.

Ata rodo wà lórí ọlọ tí ẹnì kan ń lọ̀ fún ọbẹ̀ alẹ́. Ìyá Múfú fi ìka mẹ́ta bù ú, ó sì fi ra igun ẹnu ọmọ náà, lọ́tùn-ún, lósì, lójú egbò. N kò ní sọ bí Ráfátù ṣe ké fún yín. Ó fi ọwọ́ nu ẹnu, ó fi ọwọ́ kan náà nu omijé, ata sì dé ojú ẹ̀. Ó ń yí ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, ẹnì kankan kò sì bu omi fún un, nítorí pé wọ́n ń kọ́ ọ lọ́gbọ́n.

Bàbá Múfú ti wá sí ẹnu ọ̀nà. Tépù tó fi ń wọn aṣọ wà lọ́rùn ẹ̀. Ó wò ó títí, mo sì ń wo òun. Mo ń retí i. Ọkàn mi balẹ̀ pé yóò sọ ọ́, nítorí ọkùnrin rere ni. Ó gbọn orí, ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀:

"Ó tó, ìyá Múfú. Ẹ dárí jì í. Ọmọdé ni, ó máa gbọ́n."

Àwọn obìnrin ilé yìn ín. Wọ́n ní bàbá tó ní àánú ni, pé ọkọ ẹlòmíràn á ti fi bẹ́líìtì kún un. Ó dárí ẹ̀ṣẹ̀ ara ẹ̀ ji ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n sì kí i kú inú rere. Mo ti gbé ayé pẹ́. Mo ti rí olè, mo ti rí ọlọ́ṣà, mo ti rí òṣèlú. N kò tíì rí ohun tó bí mi nínú tó gbólóhùn yẹn.

Nígbà tí ìyá mi wọlé, mo sọ fún un. Mo ní, "Mọ́mì, Bàbá Múfú ni mo rí nídìí ìkòkò." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò mí lẹ́nu, kò ro ti eyín tó ń ro mí. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wo fèrèsé. Ó ní, "Ojú ẹ ò rí nǹkan kan. Ojú ọmọdé kì í rí irú ẹ̀." Ó sì di kànáfùrù tuntun sí eyín mi, ó ní kí n pa ẹnu dé kí oògùn lè ṣiṣẹ́.

Ní ọjọ́ Ajé, Nọ́ọ̀sì wá sí ilé ìwé wa. Obìnrin gíga kan ni tó máa ń wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti àpótí funfun, a ó sì tò sí iwájú ẹ̀ bí ẹni fẹ́ gba oúnjẹ. Ó máa ń fi ìka fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wa wálẹ̀ jẹ́jẹ́, á ní ká la ẹnu, ká yọ ahọ́n. Bó bá rí ojú tó pọ́n tí ìpin lẹ̀ mọ́, á ní àpólò ni, kí ọmọ náà máa lọ sílé, kí wọ́n fi òwú tí wọ́n rẹ sínú omi sísè tó ti tutù máa nù ún, òwú ọ̀tọ̀ fún ojú ọ̀tọ̀, kí ó má bá ẹnikẹ́ni lo táwẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n sì jọ̀ọ́ gbé ìtọ̀ àti omi ọmú jìnnà sí i. Fún oówo ìpéǹpéjú, aṣọ mímọ́ tí wọ́n rẹ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni wọ́n á máa gbé lé e. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ bẹ́. Fún egbò inú ẹnu, omi iyọ̀. Àmọ́ bí ojú bá ń dunni gan-an, tàbí tí ó ń ṣe bàìbàì, tàbí tí egbò ẹnu bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì tí kò jiná, á ní ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé mọ́, ọsibítù ni. Títí di òní, ohùn ẹ̀ ni mo máa ń gbọ́ bí ọmọ mi kan bá ní ojú ń yún òun.

Nígbà tó kan Ráfátù, Nọ́ọ̀sì gbé tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ojú ọmọ náà ti wú pa, ètè ẹ̀ ti bó. Ó mú un lọ sí ẹ̀gbẹ́, ó fi omi tó mọ́ ṣan ojú ẹ̀ títí, ó nu ẹnu ẹ̀. Ó bi í ní ohun tó ṣẹlẹ̀, Ráfátù ń wo ilẹ̀. Ó pe èmi tí mo jókòó tì í.

Mo sọ fún un pé ata ni, pé ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ ló fi sí i, pé wọ́n ní ó jẹ adìyẹ. Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú ẹ̀ fi bá tèmi dọ́gba. Ó ní, "Ṣé ó jẹ ẹ́?"

Ráfátù ń wò mí pẹ̀lú ojú wíwú yẹn.

Mo ní, "Mi ò mọ̀, mà."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Nọ́ọ̀sì tẹ̀ lé wa délé. Kò jókòó. Ó ní kí Ìyá Múfú wá wo ẹnu ọmọ ẹ̀ dáadáa. Ó fi tọ́ọ̀ṣì hàn án bí igun ẹnu ṣe ya, bí ahọ́n ṣe pọ́n tó dán, ó sì bi í bóyá ojú ọmọ náà kò ti ń ṣomi kí ata tó kàn án rárá. Ó ní àìjẹ ẹyin ni, àìjẹ ẹ̀wà, àìjẹ ẹ̀fọ́, àìmu wàrà. Ìyá Múfú bínú. Ó bi í bóyá ó fẹ́ wá kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ ni, pé wọn kì í fún ọmọ lẹ́yin kí ó má baà di olè. Nọ́ọ̀sì dá a lóhùn, kò gbé ohùn sókè:

"Mà, ẹyin tí ẹ ò fún un kó má baà di olè, àìjẹ ẹ̀ ló ya á lẹ́nu. Ẹnu tó ya yẹn lẹ wá rí, lẹ fi pè é ní olè."

Adìyẹ nìkan ló ń ṣe wọ̀ọ̀wọ̀ọ̀. Bàbá Múfú ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì, ó ní òun fúnra òun á máa fún ọmọ náà ní ẹyin. Ó sì ṣe é. Láràárọ̀, ó ń se ẹyin kan, ó ń bó o, ó ń gbé e lé Ráfátù lọ́wọ́. Bóyá ọkàn ẹ̀ ń gún un ni o, bóyá ó kàn fẹ́ kí wọ́n tún yin òun ni o, n kò mọ̀. Nọ́ọ̀sì fún un ní oògùn kóró aláwọ̀ ìyeyè kan tó ń mú ìtọ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó ní kí ó máa fi fasilíìnì pa igun ẹnu, kí ó má fi ahọ́n lá a mọ́. Ìyá mi náà ń bu ẹ̀wà ránṣẹ́ sí i láìsọ̀rọ̀. Kí oṣù tó parí, ẹnu náà ti jiná, ó jọ̀lọ̀ bí ẹni pé ohunkóhun kò ṣe é rí.

Ẹnu jiná, orúkọ kò jiná. Kò sí ẹnì kan tó bẹ ọmọ náà. Nọ́ọ̀sì ti sọ pé igun ẹnu yíya kì í ṣe ẹ̀rí olè, wọ́n gbọ́, àmọ́ wọ́n ní adìyẹ ṣáà sọ nù. Àwọn ọmọ àdúgbò sọ ọ́ ní Ráfá Aládìyẹ. Wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ nídìí omi, wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì, títí tíṣà kan náà fi pè é bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń pe orúkọ. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ilé ìwé gba ìsinmi, bàbá ẹ̀ wá mú un padà lọ. A sìn wọ́n dé ibi tí ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń gbé èrò. Ó tún wọ bàtà yẹn. Ó ti ń bá a lẹ́sẹ̀ mu. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó tó wọlé sínú ọkọ̀, ó di ọwọ́ mi mú.

Ó ní, "Ìwọ nìkan lo ò pè mí ní Aládìyẹ rí."

Mo fẹ́ sọ ọ́ fún un nígbà yẹn. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀fun mi. Mo wo ẹ̀yìn, mo rí Bàbá Múfú tó ń bá bàbá ẹ̀ gbé ẹrù, tí bàbá náà ń dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ fún ìtọ́jú tó fún ọmọ òun. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ọkọ̀ gbéra. N kò rí Ráfátù mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ìyá mi dàgbà, ó wá ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Yábàá. Ó ti ń lo eyín àtọwọ́dá, èfu sì mú un lẹ́nu bó ṣe máa ń mú àgbàlagbà nígbà mìíràn. Dókítà fún wa ní oògùn olómi tí mo ní láti máa kán sí i lórí ahọ́n lẹ́yìn tí mo bá ti fọ eyín náà, tí mo sì ti fi aṣọ rírọ̀ nu ẹnu ẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń nu èrìgì ẹ̀, mo dédé bi í bóyá ó rántí Ráfátù. Ó ní òun rántí. Mo ní ṣé ó rántí ohun tí mo sọ fún un pé mo rí. Ó mú ọwọ́ mi kúrò lẹ́nu ẹ̀.

Ó ní, "Gbogbo ilé ló mọ̀. Ìyá Múfú alára mọ̀ kó tó pe ọmọ náà. Ṣé ìgbà àkọ́kọ́ tó jẹ ẹran ìkòkò ni?"

Mo ní kí ló dé tó wá fi ata sí ọmọ lẹ́nu nígbà náà.

Ìyá mi wò mí bí ẹni pé èmi ni mi ò gbọ́n. Ó ní, "Ta lo fẹ́ kó fi ata ọ̀hún sí lẹ́nu? Ọkọ ẹ̀?"

Ó tún la ẹnu kalẹ̀ kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ. Mo kán oògùn náà sí i. Mo fẹ́ràn ìyá mi, mo sì tọ́jú ẹ̀ títí tó fi kú. Àmọ́ ọjọ́ yẹn, ojú kan ṣoṣo ni mo jókòó sí títí ilẹ̀ fi ṣú.

Nǹkan ti yí padà, n kò ní purọ́. Níbi tí ilé wa wà, ilé alájà mẹ́ta ló wà níbẹ̀ báyìí, bàǹkì wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Wọ́n ń ta ẹyin sísè lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé ìwé, ìyá ló sì ń rà á fún ọmọ. Ọmọbìnrin inú ilé oògùn ń kúnlẹ̀ bi ọmọ ní ohun tó jẹ. Nọ́ọ̀sì kì í sì í wá sí ilé ìwé mọ́, kò sí ẹni tó ń fa ìpéǹpéjú ọmọ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ìyẹn náà ń dùn mí. Èyí tí kò yí padà ni pé nígbà tí àgbà bá ṣẹ̀, a ṣì máa ń wá ẹnu tó kéré jù nínú ilé tí a ó fi ata sí. A kì í jìnnà ká tó rí i. Àwa tí a rí i, a ó ní a kò mọ̀, mà.

Mo ti wá Ráfátù. Mo ti bi àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ léèrè ní Sábó, ní ibi ìnáwó, níbi òkú. Obìnrin kan ní òun mọ Ráfátù kan tó ní èjí, tó ń tọ́ ọmọ-ọmọ, ara ẹ̀ le. Bóyá òun ni. Ráfátù tó ní èjí pọ̀ níbẹ̀, n kò sì ní nọ́ńbà ẹnikẹ́ni. Bí ẹnì kan bá mọ̀ ọ́n, kí ó bá mi jẹ́ iṣẹ́ kan fún un, iṣẹ́ tí ó ti pẹ́ jù. Kí ó sọ fún un pé ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí akokoro ń dà láàmú wà lójú fèrèsé lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn. Kí ó sọ pé ó rí ẹni tó jẹ ẹ́.